Ọ̀kẹ́ Kan

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ sójú pátákó láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Olúpọ̀nnà, ọ̀kẹ́ kan ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ mọ àádọ́ta ọ̀kẹ́, torí wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò fún mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé mélòó ni ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo, kíláàsì á dákẹ́ lọ́lọ́.

20,000 ni. Láyé àtijọ́, àpò owó ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á kún àpò.

Lọ́dún 1887, wọ́n tẹ iṣẹ́ Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìjàyè, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òǹkà wa. Ó ṣàpèjúwe ẹni tó ń ka owó: á da àpò sílẹ̀, á kúnlẹ̀ tì í, á máa fa márùn-ún márùn-ún. Ogún ìfà á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba, á gbá a jọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ fi ẹ̀kùrọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi ní, “Sà, mi ò kà á mọ́ o, ọwọ́ mi ti mọ márùn-ún.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti kan egungun ọ̀kẹ́ nìyẹn. Tí a bá tú ọ̀kẹ́ palẹ̀, eéjì márùn-ún àti aárùn-ún mẹ́rin nìkan la máa bá níbẹ̀. Àwọn eéjì yẹn, tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, jẹ́ 32; àwọn aárùn-ún jẹ́ 625; 32 lọ́nà 625 ni 20,000. Ẹni tó fẹ́ pín in lè mú eéjì kan, ó lè mú márààrún, ó sì lè má mú ìkankan: ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. Ọ̀nà márùn-ún ló wà fún aárùn-ún. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún, ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù! Ọmọ ìyá méjì á pín in, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún á pín in. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ìjà dé: ẹyọ méjì á ṣẹ́kù.

Ẹ wá yọ ẹyọ owó kan péré kúrò. 19,999 le bí òkúta. Yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀, 7 àti 2,857 nìkan ló lè pín in. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sọnù, ọgbọ̀n ìlẹ̀kùn di mẹ́rin.

Àwọn kan ní orí ogún nìkan ni òǹkà wa dúró lé. Kí wọ́n tún ọ̀kẹ́ wò: ogún mẹ́wàá ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Ogún ni ìpìlẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀wá ni àkàbà.

Kí agogo tó lù lọ́jọ́ náà, ẹgbàá kan ni wọ́n kà tán. Wọ́n bi mí bóyá a ó máa bá a lọ lọ́la. Mo ní kí wọ́n má da ẹ̀kùrọ́ náà nù.