LOL: Ẹ̀rín Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rín

Ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ráńpẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn tẹ iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Bí ó ti kọ ọ́ gan-an nìyí: “E kaaro sa. Ara mi o ya, mi o ni le wa loni lol.” Inú bí mi. Mo bi ara mi pé kí ni ó pa ọmọ yìí lẹ́rìn-ín, àìsàn rẹ̀ ni tàbí iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ọ? Nígbà tí ó padà wá, mo bá a wí kíkankíkan níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò fèsì, ilẹ̀ ni ó ń wò. Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fi yé mi pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ó wà nígbà tí ó kọ ọ́, àti pé lẹ́tà mẹ́ta tí mo kà sí ẹ̀rín, ẹ̀bẹ̀ ni ó fi wọ́n bẹ̀ mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ìkékúrú yìí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí LOL jẹ́, nítorí àwọn olùkọ́ tí ń rí i tí wọn kò sì bèèrè. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni a kó jọ, ìtumọ̀ wọn sì ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí ara wọn ni ó ti ọwọ́ wọn wá sórí fóònù, ní oṣù kẹta ọdún 2011 sì ni àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni ó ń rú lójú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, níwájú ìgbìmọ̀ Leveson tí ó wádìí ìwà àwọn oníwèé ìròyìn ní ìlú London, Rebekah Brooks jẹ́rìí pé David Cameron, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, a máa fi LOL parí iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀ sí òun nígbà mìíràn, nítorí ó rò pé “ìfẹ́ púpọ̀” ni ó túmọ̀ sí, títí òun fi là á yé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ẹ̀rín ni LOL, tí ó sì fi mọ bẹ́ẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ta ni ń rẹ́rìn-ín nínú “mo ti jẹun lol”? John McWhorter, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2013 pé LOL ti kúrò ní ẹ̀rín, ó ti di wúnrẹ̀n kékeré tí a fi ń fi hàn pé ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ti ẹni tí ń gbọ́ wà papọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ohun tí a ní nílé ni. Ẹ wo iṣẹ́ tí “jàre” ń ṣe nínú “gbé e wá jàre”, tí àṣẹ fi di ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹ wo “kẹ̀” nínú “èmi kẹ̀!”, ẹ wo “ṣá” nínú “máa bọ̀ ṣá”, kí ẹ sì wo “o”, tí a kò lè ka ìlò rẹ̀ tán: “mo ti dé o” kì í ṣe ìròyìn lásán bíi “mo ti dé”. Ohùn ẹnu ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó di orí fóònù tí kò sí ohùn, wọ́n wá nǹkan dí àlàfo náà. Èyí yé mi. Ohun tí kò tètè yé mi ni ìdí tí ẹni tí abà rẹ̀ kún fi ń yá iṣu jẹ.

Mo rò pé mo ti rí apá kan ìdí náà, inú ẹ̀rọ ni ó sì wà. Lẹ́tà àti àmì 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, láti inú àkójọ lẹ́tà kan tí àwọn ará Yúróòpù tò. A rí à, è, é, ì, ò àti ù nínú àkójọ náà. Kò sí á, í, ó, ú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú iṣẹ́, àyè 160 yóò di 70. Nígbà tí fóònù alágbèéká gbòde ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, ẹni tí ó bá kọ “ẹ ṣé” bí ó ti yẹ ti pàdánù ju ìdajì àyè tí ó fi owó rà lọ. Kí ni ènìyàn yóò ṣe? Ó bọ́ ẹ̀wù lára Yorùbá, ó fi í ránṣẹ́ ní ìhòòhò. Lórí WhatsApp lónìí, ìdíwọ́ náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àṣà ti mọ́ ọwọ́ lára. Bí a bá sì kọ “kẹ̀” láìsí àmì, “ke” ni yóò kù, òǹkàwé yóò sì máa méfò bóyá igbe ni a ń ké tàbí igi ni a ń ké. LOL kò ní ohùn tí a lè gbàgbé láti fi àmì sí.

Nítorí náà, n kò bá àwọn tí ń pariwo pé ìkékúrú ń ba èdè jẹ́ kẹ́gbẹ́. Àwọn baba wa ké ọ̀rọ̀ kúrú ju èyí lọ. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ní àrokò ti sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó rán an sí; bí mẹ́jọ bá padà wá, a jọ ṣọ̀kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n aránṣẹ́ a máa wo ojú ẹni tí ó ń ránṣẹ́ sí kí ó tó di àrokò rẹ̀. Ẹ̀sùn mi sí LOL nìyí: kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi “ẹ káàárọ̀ sà” kúnlẹ̀ fún mi, ó sì fi “lol” dìde kí n tó dá a lóhùn. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ àìsàn ti fi àgbà náà ṣẹ̀sín. Ẹ̀bi tèmi kò sì kéré, nítorí ìwé atúmọ̀ èdè ni mo fi ka ọkàn ọmọ ọlọ́mọ. (LWKMD tí àwọn ọ̀dọ́ mú jáde láti inú Píjìn kò ní wàhálà yìí. Ẹ̀rín pa ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì tán.)

Ní sáà tí ó kọjá, mo kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí LOL parí sára pátákó, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ dípò rẹ̀. Méjì péré ni ẹ̀rín bá mu. “Jàre” wọ méjì, “kẹ̀” wọ ẹyọ kan. “Ẹ jọ̀ọ́” àti “ẹ má bínú” pín mẹ́ta láàárín ara wọn. Wọ́n jiyàn lórí méjì tí ó kù títí àkókò fi tán, àwọn kan ń sọ pé kò sí ohun tí ó yẹ níbẹ̀ ju àmì ìdánudúró lọ. Gbólóhùn ti ọjọ́ ìdánwò ọjọ́sí wà lára wọn, mo ti gba ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde tí ó nu “lol” kúrò, tí ó kọ “ẹ má bínú sà” sí i, tí ó sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀.