Àwọn Tó Mọ Iyùn Kà

Iyùn inú omi tó mọ́ gaara ni gbogbo ayé ń wọ bàálù lọ wò. Ti inú omi rírú kì í ní olólùfẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nínú jù. Ní Middle Reef, láàárín Magnetic Island àti ìlú Townsville ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, bí afẹ́fẹ́ bá ti le díẹ̀, ìgbì á ru ìsàlẹ̀ òkun sókè, ẹrẹ̀ á gba gbogbo ojú omi. Abẹ́ ẹrẹ̀ yẹn ni iyùn ń gbé, ó sì pọ̀ níbẹ̀.

Iyùn tí mo ń wí kì í ṣe pupa tí ọba àti ìyàwó ń so mọ́rùn. Irú tó ń kọ́ òkìtì òkúta funfun sínú òkun ni. Ẹranko kéékèèké ló ń kọ́ ọ, ewédò tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbé inú ẹran ara wọn, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó ń bù fún onílé. Bí omi bá rú, ìmọ́lẹ̀ a dín kù, ebi a dé, ẹrẹ̀ a tún máa rọ̀ lé wọn lórí. Irú iyùn kan, Turbinaria, a máa tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù. Irú mìíràn, Porites, a máa da ikun bora, omi á wá gbá ikun náà lọ tòun ti ẹrẹ̀ orí rẹ̀. Lọ́dún 2000, onímọ̀ Ken Anthony fi hàn pé iyùn tó ń gbé inú omi rírú mọ pàǹtírí inú omi jẹ ju irú rẹ̀ kan náà tó wà nínú omi mímọ́ lọ. Síbẹ̀ ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ: ẹ sọ̀kalẹ̀ mítà díẹ̀ sí i, òkùnkùn ni, kò sí iyùn mọ́.

Iyùn gbìyànjú. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ni mo fẹ́ yìn lónìí.

Porites ńlá ń ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún, ọdọọdún ló sì ń fi ìpele kan tó ki àti ọ̀kan tó fúyẹ́ sílẹ̀ nínú egungun rẹ̀. Ọdún 1972 làwọn onímọ̀ fi X-ray rí èyí lára iyùn Enewetak, erékùṣù tí Amẹ́ríkà ti dán bọ́ǹbù runlérùnnà wò. Àmì tí bọ́ǹbù náà fi sínú egungun ló jẹ́rìí sí i pé kíkà wọn pé.

Ní Australian Institute of Marine Science, nítòsí Townsville, kíkà yìí ti di iṣẹ́ ọwọ́. Òmùwẹ̀ á gbé dírílì sọ̀kalẹ̀, á lu iyùn láti orí wá sísàlẹ̀, á yọ òpó gbọọrọ kan jáde. Bí dírílì bá yà kúrò lójú ibi tí iyùn gbà dàgbà, àwọn ìlà á gun ara wọn, kíkà á dojú rú. Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin nínú ìgbì ló ń ṣe é. Kí ó tó gòkè, á fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà, kí kòkòrò má baà wọlé, kí iyùn lè hù bò ó. Lórí ilẹ̀, wọ́n á wá là á sí pẹlẹbẹ tí kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Onímọ̀ Peter Isdale ló gbé irú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iná ultraviolet, irú iná tí àwọn ará báǹkì fi ń yẹ náírà wò. Àwọn ìlà kan tàn yòò. Nígbà tó fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ omi odò Burdekin ní Queensland, wọ́n bára mu: ọdún tí odò kún, ìlà tàn, ọdún ọ̀dá, kò sí ìlà tó ṣe é tọ́ka sí. Ó tẹ èyí jáde lọ́dún 1984. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń tàn gan-an. Àwọn kan ní ohun jíjẹrà tí odò kó láti inú ilẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní omi odò ló ń yí bí egungun náà ṣe ń dì padà. Èmi ò rò pé iyàn yẹn bu iyì iṣẹ́ náà kù. Iná kan, ojú kan, àti sùúrù: ohun tó ná an nìyẹn.

Lára iyùn tó sún mọ́ etíkun ni ìlà wọ̀nyí ti hàn jù. Ti inú omi mímọ́ lọ́nà jíjìn kò ní in. Àwọn onímọ̀ bíi Erica Hendy àti Janice Lough sì rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Ìpele ọdọọdún a máa tan ènìyàn, nítorí iyùn lè fo ọdún kan. Wọ́n wá to òpó oríṣiríṣi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń wá ìkún omi kan náà lára gbogbo wọn, títí ọdún tó sọnù á fi yọjú.

Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù wá jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2003. Amọ̀ tí odò ń gbé bọ̀ ní bàríọ̀mù lára. Bó bá kan omi iyọ̀, bàríọ̀mù á já kúrò, iyùn á gbà á sínú egungun dípò kálísíọ̀mù. Ẹni tó bá wọn bàríọ̀mù ti wọn ẹrẹ̀ nìyẹn. Malcolm McCulloch àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi laser tọ òpó iyùn láti Havannah Island, níbi tí omi Burdekin ń dé, láti nǹkan bí ọdún 1750 wá sí òpin ọ̀rúndún ogún, débi pé wọ́n dá ìkún omi kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ṣáájú nǹkan bí ọdún 1870, odò ń kún, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó kó màlúù àti àgùntàn dé, tí ẹsẹ̀ ẹran ba ilẹ̀ jẹ́, ẹrẹ̀ tó ń dé òkun di ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Ìkún omi tó bá tẹ̀lé ọ̀dá ló sì burú jù.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé bí Burdekin ṣe ń rú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, iyùn Havannah ni yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.