Paladin: Jagunjagun Tó Ń Fojú Mọ Ẹni Ibi

Nínú ìwé òfin eré Dungeons & Dragons tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978, ìyẹn Players Handbook, Gary Gygax fún jagunjagun mímọ́ tí wọ́n ń pè ní paladin ní agbára kan. Bó bá ti pọkàn pọ̀, yóò mọ̀ bí ibi bá wà nítòsí, láti ibi tó jìnnà tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Kò ní wádìí, kò ní pe ẹlẹ́rìí, kò ní gbọ́ tẹnu ẹni tí idà rẹ̀ fẹ́ bà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni nínú ìwé ńlá, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

Fún ẹni tí kò tíì rí irú eré yìí rí: àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, olúkúlùkù àwọn yòókù á gbé akọni kan wọ̀, dáìsì ni yóò sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde lọ́dún 1974, paladin sì wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1975. Mo gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àwọn akọni yòókù ń wá wúrà kiri, paladin ń san ìdámẹ́wàá. Ohun èlò idán rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà ibi, oyè náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn kí ara rẹ̀ le. Ọmọlúàbí ni wọ́n fẹ́ yà sórí ìwé, apá tó pọ̀ nínú àwòrán náà sì dára gidi.

Ibi tí wọ́n ti mú un wá ni kò dára. Gygax fúnra rẹ̀ ka ìwé Poul Anderson, Three Hearts and Three Lions, tó jáde lọ́dún 1961, mọ́ àwọn ìwé tó fún un lóye. Anderson sì mú akọni tirẹ̀ láti inú ìtàn àwọn jagunjagun Charlemagne, ọba àwọn Frank, tí Roland jẹ́ olókìkí jù nínú wọn. Roland kú lóòótọ́, ní Roncevaux lọ́dún 778. Àwọn Basque orí òkè ló pa á, wọn kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1100 tí wọ́n kọ orin Roland sílẹ̀, akéwì ti sọ àwọn apànìyàn náà di Mùsùlùmí, ó sì ní òrìṣà mẹ́ta ni wọ́n ń bọ. Ẹ gbọ́ mi, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ère dúró ní mọ́ṣáláṣí! Ní ìparí orin náà, wọ́n ṣẹ́gun Saragossa, wọ́n sì fi tipátipá ṣèrìbọmi fún àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá kọ̀, ikú. Kì í ṣe orin lásán ni fún àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lọ́dún 1095 ni Póòpù Urban Kejì pe ogun mímọ́. Lọ́dún 1096 àwọn ọmọ ogun kan ń pa Júù ní etí odò Rhine kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Lọ́dún 1099 ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn ní Jerúsálẹ́mù.

Ẹni tó bá ní gbogbo èyí ti pẹ́ jù láti kan eré, kó wo ìdáhùn Gygax lọ́dún 2005, nígbà tí wọ́n bi í nípa paladin àti òǹdè. Ó ní kò sí ohun tó burú nínú kí paladin pa òǹdè tó ti ronúpìwàdà, kó má baà padà sídìí ìwà àtijọ́. Ó tún tọ́ka sí John Chivington àti ọ̀rọ̀ tó fi ọmọdé ọ̀tá wé ẹyin iná orí. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Chivington kó tó di ọ̀gá ológun. Òun ló kó ọmọ ogun lọ bá àwọn Cheyenne àti Arapaho ní Sand Creek lọ́jọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1864, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kú.

Àwa tí a wà ní agbègbè Tchaourou ní ilẹ̀ Benin, tí Yorùbá àti Bàrìbá jọ ń gbé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ogun mímọ́ fún wa. Ogun Elédùwẹ̀ ti ìhà tiwa lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Olúewu ké sí ọba Nikki, tí Yorùbá ń pè ní Elédùwẹ̀, pé kí wọ́n jọ gbéjà ko Ìlọrin, tó ti di ìlú jìháàdì lábẹ́ Ṣókótó. Bí paladin bá dúró lójú ogun yẹn, ta ni agbára rẹ̀ ì bá tọ́ka sí? Ṣáájú ogun náà, Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló pe àáfà Àlímì wá síbẹ̀, àwọn tó fi ṣe ọmọ ogun ló sì pa á. Ṣọ̀lágbérú, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ̀ láti gba Àfọ̀njá sílẹ̀. Nígbà tó yá, Abdulsalami, ọmọ Àlímì, Mùsùlùmí bíi ti Ṣọ̀lágbérú, pa òun náà. Àwọn ìjòyè kan nínú ogun Aláàfin ti dìtẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ọba méjèèjì kú, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú. Ìtàn àwọn ọba Borgu ní Kísírà, baba ńlá wọn, kọ̀ láti gba ẹ̀sìn Ànábì ló ṣe sá wá síbí. Síbẹ̀ oṣù tí wọ́n bí Ànábì ni Nikki ń ṣe ọdún Gaani, tí kàkàkí ń dún, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń sáré níwájú ọba. Boni Yayi, ọmọ Tchaourou tó ṣe ààrẹ láti 2006 sí 2016, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, Kìrìsìtẹ́nì ìjọ oníhìnrere ló sì dà. Ojú tó ń mọ ibi láti 60 ẹsẹ̀ bàtà kò lè rí nǹkan kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ni eré náà báyìí ti ṣe àtúnṣe, ó sì yẹ kí n yìn wọ́n. Láti 2008, kì í ṣe dandan mọ́ kí paladin wà ní ìhà rere àti òfin nìkan. Nínú ìwé ti 2014, ẹ̀jẹ́ tí paladin fẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ló ń dè é. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé agbára àtijọ́ yẹn ti yí padà: ó ń fi ẹ̀mí èṣù, òkú tó ń rìn àti àwọn ará ọ̀run hàn, kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn ọmọ èèyàn mọ́. Wọ́n fọwọ́ kan egbò gan-an. Àmọ́ ẹ̀jẹ́ ẹ̀san ṣì wà nínú ìwé kan náà, tó gba paladin láyè láti lo ọ̀nà yòówù kó rí láti fi pa ọ̀tá tó búra sí. Chivington ò ní bèèrè ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn tó ń sọ pé Ọlọ́run làwọn ń jà fún pa ọmọ ogun Benin 54 ní àríwá ilẹ̀ yìí. Ó dá wọn lójú pé àwọn mọ ẹni ibi bí wọ́n bá rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ bá fẹ́ ṣe eré yìí, ẹ fi ìwé ti 1978 sílẹ̀ fún àwọn onítàn, ẹ mú ti 2014, kí ẹ sì yọ ẹ̀jẹ́ ẹ̀san kúrò. Ẹni tó bá sì ń sọ ìtàn nídìí tábìlì, jọ̀wọ́, fún ọ̀tá lórúkọ, fún un ní ilé àti ẹbí, kó o sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ kí paladin tó yọ idà.