Ẹfúnṣetán: Àgàn tàbí Abiyamọ tí ó Ṣòfò Ọmọ?

Láti ìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti tẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970 ni eré-onítàn náà ti di ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama títí dé Yunifásítì. Ìbéèrè tí kì í wọ́n lórí rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ohun tí ó sọ Ìyálóde Ìbàdàn di ìkà. Ìdáhùn kì í pẹ́ dé: àgàn ni. Ìdáhùn yìí kò ta ko ìwé, nítorí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó dá lówó, ó lóko, ó lẹ́rú. Ọmọ nìkan ni Ẹlẹ́dàá kò fún un. Òun náà wá ṣòfin pé ẹrú kankan kò gbọdọ̀ bímọ nínú ilé òun. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí.

Ohun tí àwọn òpìtàn kọ yàtọ̀. Wọ́n ní Ẹfúnṣetán bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà dàgbà, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ó di ọ̀tá oyún jẹ́ ìyá tí oyún gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́. Ẹni tí ń jowú aboyún àti ẹni tí oyún ń bà lẹ́rù kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan náà, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kí ni ó mú kí àyípadà yìí rọ àwùjọ lọ́rùn láti gbà? Òwe wà nídìí rẹ̀. Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nínú ìṣirò yìí, ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ ti padà sáàárín àwọn tí kò bí rárá. Orúkọ pàápàá di ìṣòro: ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lágbájá, bí wọ́n bá tún pè é bẹ́ẹ̀, òkú ni wọ́n ń dárúkọ. Òwe náà kò yọ ọkùnrin sílẹ̀, àmọ́ obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi í wọ̀n. Kò sí ẹni tí ń ka iye ọmọ Látòósà kí ó tó ṣàlàyé ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877.

Ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi rọ Ìyálóde lóyè ní oṣù karùn-ún 1874 kò kan oyún. Kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ẹ̀sùn ìjòyè sí ìjòyè nìyí, iṣẹ́ Bọ́láńlé Awẹ́ tí ó jáde ní 1992 sì jẹ́ kí ojú ìṣèlú rẹ̀ hàn. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru. Nínú eré, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé jẹ. Àyípadà yìí ni ó wúwo jù: ó nu ọwọ́ àwọn ìjòyè mọ́ tónítóní.

Eré kì í ṣe ìwé ìtàn, Ìṣọ̀lá sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ̀dá bí ó ti wù ú. Kò sì sí ìdí láti fi ẹfun kun Ẹfúnṣetán. Ó lẹ́rú, ìyà sì jẹ wọ́n. Agbára èdè tí òǹkọ̀wé fún un lójú agbo pọ̀ ju ti ìjòyè èyíkéyìí lọ, ìyẹn ni òǹwòran kò ṣe lè gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Adétutù wà níbẹ̀. Ẹrú tí kò ní ìbátan nínú ilé, ọmọ tí ó bá bí síbẹ̀ ni ó lè sọ ọ́ di ara ilé. Òfin tí Ẹfúnṣetán fi dínà mọ́ ọn kò yàtọ̀ sí èyí tí ayé fi ti òun náà sẹ́yìn agbo. Ibi tí eré náà ti jinlẹ̀ jù nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbéèrè ìdánwò kì í dé.