Ta Ni Ọlọ́wọ́ Ọ̀tún?

Yorùbá kì í sábà pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó ń fi ọ̀tún jẹun, tí ó ń fi í roko, tí ó sì ń fi í kọ̀wé, ènìyàn lásán ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá ń lo òsì ni a máa ń sọ lórúkọ: ọlọ́wọ́ òsì. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé nínú ènìyàn 10 kárí ayé, nǹkan bí ẹnìkan péré ni ó ń lo òsì. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni a sì máa ń tọ́ka sí. Bí a bá tilẹ̀ wí pé lágbájá ni ọwọ́ ọ̀tún ọba, ìgbẹ́kẹ̀lé ni à ń sọ, kì í ṣe ọwọ́ tí ó fi ń jẹun.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ìtumọ̀ tí àwọn kan fi kún un, tí wọ́n sì ń pè ní àṣà. Wọ́n ní ọ̀tún ni ire, òsì ni ibi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ so òsì mọ́ òṣì, wọ́n ní ìṣẹ́ ni ó wà lọ́wọ́ náà. Etí ni ó ń tàn wọ́n jẹ. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì wọn yàtọ̀, ìtumọ̀ wọn kò sì tan mọ́ra. Ará Ìbàdàn tí ó ń pe iṣu ní isu lè pe méjèèjì bákan náà. Ìyẹn kò sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ kan.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà, Ọ̀tún Balógun ni ó tẹ̀lé Balógun, Òsì Balógun ni ó sì tẹ̀lé Ọ̀tún. Ẹni tí ó jẹ́ Òsì lónìí lè di Ọ̀tún lọ́la. Àtẹ̀gùn ni òsì níbẹ̀, kì í ṣe èébú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ní ààfin Ọ̀yọ́, Òsì Ìwẹ̀fà ni ó ń ṣojú Aláàfin, tí ó sì láǹfààní láti lo adé. Àwọn Ògbóni ń fi ọwọ́ òsì kí ara wọn. Bí babaláwo bá sì ń fi ikin dá Ifá, a fi ọ̀tún kó wọn kúrò ní òsì. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù sí òsì ni ó ń sọ àmì tí yóò tẹ̀. Bí ó bá ku ẹyọ kan, a tẹ àmì méjì. Bí ó bá ku méjì, a tẹ ẹyọ kan. Èyí tí ọ̀tún kó kò pinnu nǹkan kan.

Kí wá ni èèwọ̀ náà? Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. A kì í sì í fi í na nǹkan sí àgbà, tàbí kí a fi í bu òkèlè nínú àwo tí a jọ ń jẹ, nítorí pé òun ni a fi ń nu ara lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀wọ̀ àti ìmọ́tótó láàárín ènìyàn sí ènìyàn ni òfin yìí ń ṣọ́. Kò ní kí àgbẹ̀dẹ má fi òsì lu irin.

Níbi yìí ni èmi àti àwọn olùkọ́ kan ti yapa. Mo ti rí olùkọ́ tí ó fi rúlà lu ìka ọmọdé nítorí pé ó fi òsì di pẹ́ńsù mú, tí ó ní àṣà ni òun ń kọ́ ọ. Àṣà ta ni? A B D tí ọmọ náà ń kọ, àwọn míṣọ́nnárì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀rúndún 19. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ipá ni àwọn ilé-ìwé fi ń yí ọlọ́wọ́ òsì padà. Ẹ̀wù àlejò ni olùkọ́ wa wọ̀, ó ní baba òun ni ó dá a fún òun. Ọmọ tí a nà báyìí kò kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Ohun tí ó kọ́ ni pé apá kan ara òun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí a kọ́ ọmọ náà láti fi ọ̀tún gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà, kí a sì jẹ́ kí ó fi òsì kọ̀wé rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Olùkọ́ tí ó bá ti gé òsì kúrò nínú àṣà, èwo ni yóò fi fa ọmọ mọ́ra?