Kí Ni Ohùn Yìí Ń Wí? Etí Àwọn Olólùfẹ́ Orin Kílásíkà ní Ìkẹjà àti Agége

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìkẹjà àti Agége ṣe ń gbọ́ orin kílásíkà, kó má wulẹ̀ wá wọn lọ sí gbọ̀ngàn eré. Oníkàn ni gbọ̀ngàn MUSON wà, ní Erékùṣù Èkó. Ẹni tó ṣíwọ́ níbi iṣẹ́ ní Ọba Akran tàbí Agídíńgbí ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń gbé Òkè-Kótó tàbí Ìjú, ọ̀nà Oníkàn jìn sí i, àbọ̀ rẹ̀ lóru tún nira ju àlọ lọ. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí olùwádìí lọ dúró sí, lásìkò tí kúáyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi ìdánrawò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ròyìn ohun tí wọ́n gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ara wọn. Ọ̀kan á ní òun gbọ́ Messiah ti Handel látẹnu àwọn akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn á ní Bach lòun fi íápíìsì gbọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Agbádó dé Ìkẹjà. Ẹlòmíràn á ti rí iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé gbà sórí fóònù rẹ̀, á sì máa wá ẹni tí yóò bá a gbọ́ ọ.

Ìròyìn wọn yìí ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ lé lórí, ju orin náà fúnra rẹ̀ lọ, torí pé ohun tí èèyàn bá sọ pé òun gbọ́ ló ń fi irú etí tó ní hàn. Èrò tèmi ni pé etí tí Yorùbá fi ń gbọ́ ìlù, etí tó máa ń béèrè pé kí ni ohùn yìí ń wí, làwọn olólùfẹ́ orin kílásíkà wa máa ń bọ́ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá fẹ́ wọlé tọ Bach àti Handel lọ. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló mú jù nínú gbogbo etí tí wọ́n ní.

Irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ l'Ékòó. Ní 1866 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ The Academy sílẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lẹ́yìn rẹ̀, láti máa gbé ìmọ̀ àti ọ̀làjú lárugẹ. Nígbà tí ìwé ìròyìn Lagos Observer bẹ̀rẹ̀ ní 1882, àríwísí lórí kọ́ńsáàtì wà lára ohun tó ń tẹ̀ jáde. Ayé ìgbà náà ni wọ́n ń pe Robert Coker, tó ń tẹ ọ́gáànù, ní Mozart Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oríyìn ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n ti ń mú òṣùwọ̀n wá: ọmọ Èkó kò lè mọ orin títí tí a ó fi rí Òyìnbó tí a ó fi í wé.

Agége náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní 1901, ọdún kan náà tí rélùwéè tó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn, àwọn ọmọ ìjọ kan yapa kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, wọ́n dá African Church sílẹ̀. J. K. Coker wà lára àwọn aṣáájú wọn. Àgbẹ̀ kòkó ńlá ni, Ifákọ̀ lẹ́bàá Agége loko rẹ̀ wà. Àwọn ìjọ tó dá dúró bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún orin ìbílẹ̀ láti wọ ilé ìsìn. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wá pín ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbẹ̀ láwọn ọdún 1960, Èkìtì wá, Ìjẹ̀ṣà wá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wá, Ègùn náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ló gbé etí ìlú wọn dání wá síbi iṣẹ́. Èyí á wúlò fún wa níwájú.

Etí tó kọ́kọ́ hàn nínú ìjíròrò wọn ni etí akọrin. Ní Archbishop Vining Memorial ní GRA Ìkẹjà, àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké láti Ògbà dé Ìjú, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin kílásíkà ló ti fi ẹnu kọ ọ́ kó tó di pé ó jókòó gbọ́ ọ. Tóníìkì sọ́fà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nítorí náà, béèsì ni ẹni tó ń kọ béèsì máa ń ròyìn, tẹ́nọ̀ ni tẹ́nọ̀ máa ń gbọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè Hallelujah inú Messiah: wọn yóò sọ ibi tí ohùn kan ti yára wọlé jù fún yín, ibi tí èémí ti tán, ibi tí tírẹ́bù ti ń pariwo dípò kó kọrin. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ìmọ̀ yìí. Ẹni tó kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì jókòó kò lè ní in.

Àmọ́ ìmọ̀ ẹni tó wà nínú igbó ni (igi tó wà nítòsí rẹ̀ ló mọ̀ dunjú). Abala mẹ́ta ni Messiah ní, ìparí abala kejì sì ni Hallelujah wà. Odindi abala kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin tó ti kọ ọ́ láti kékeré ló gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà parí sí, nítorí ibẹ̀ ni kúáyà tiwọn máa ń parí ètò sí. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló fà á tí Handel fi gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà sórí ẹni tó kọ sólò.

Etí tó ń béèrè ẹni tó kọ sólò yẹn ni etí kejì. Ta ló tẹ dùùrù, níbo ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ipele wo ló dé nínú ìdánwò? Òfófó ló pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní jókòó tì í.

Etí kẹta ni mo fẹ́ jà fún. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa mọ̀ pé dò, re, mí ni wọ́n fi ń kọ́ni ní àmì ohùn. Kí ọmọ náà tó mọ orin kankan látinú ìwé ló ti mọ̀ pé lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ ohùn ló ń gbé ìtumọ̀. Bó bá dàgbà, tó lọ sí òde àríyá kan ní Agége lọ́jọ́ Sátidé, tí onígángan sì dojú kọ ọ́, kò nílò ògbufọ̀. Á ki ọwọ́ bàpò. Ìlù tí iléeṣẹ́ rédíò máa ń lù kó tó sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́, oníkálukú ló ní gbólóhùn tó fi sí i lẹ́nu, àwọn mìíràn sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, èèyàn kan náà yìí á jókòó sídìí ọ́gáànù, á máa ṣe bí ẹni tí ohùn kò sọ nǹkan kan fún rí.

Orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún la ti ń da ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tó yẹ kí ohùn ọ̀rọ̀ gòkè, orin ń sọ̀ kalẹ̀. Níbi tó yẹ kó rọlẹ̀, orin ń fò. Kí ìjọ lè gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ, ojú ìwé ló ní láti máa wò. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ìran bí mélòó kan láti di etí sí ohùn orin. Àwọn tó wá di olólùfẹ́ Handel àti Mozart lára wọn kàn gbé dídi etí yìí lọ síwájú ni, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀làjú.

Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ ọ́gáànù ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 di 1962, ló gbé ìṣòro yìí yẹ̀ wò jinlẹ̀, tó sì kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ kò ṣòro bí èèyàn kan bá ń dá a kọ. Wàhálà wà nínú ohùn mẹ́rin. Bí tírẹ́bù bá sọ gbólóhùn kan dáadáa, kí ni áátò àti béèsì tó ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, àmọ́ tí ohùn wọn gba ọ̀nà mìíràn, ń sọ? Ibí yìí ni etí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti wúlò. Nínú orin ìbílẹ̀ tiwọn, ohùn méjì sábà máa ń rìn pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ohùn kẹta sí i. Bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì á gòkè, kò sí èyí tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí gbogbo ìlú rẹ̀ ń pa ohùn pọ̀ sójú kan kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè wà nínú kúáyà kan ní Ifákọ̀, ọdún á gorí ọdún, wọn ò sì ní jíròrò rẹ̀ rí.

Wọ́n á ní orin Yorùbá lèyí bá mu, pé kí ló kan Bach? Ó kàn án gan-an. Nínú fúùgù, ohùn kan á dá gbólóhùn sílẹ̀, òmíràn á gbé e lókè, òmíràn tún á gbé e nísàlẹ̀. Ipò yí padà, ìrìn ohùn kò yí, gẹ́gẹ́ bí bàbá àti ọmọdébìnrin ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà kí ó má sì rú ni lójú. Etí tó ti mọ bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ariwo omele ti gba ẹ̀kọ́ tó pọ̀ tó láti tọpa gbólóhùn yẹn. Nínú The Art of Fugue, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1751 lẹ́yìn ikú Bach, ó dé ibì kan tí Bach dojú gbólóhùn rẹ̀ dé: ibi tó ti ń gòkè wá di ibi tó ti ń sọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ní gbólóhùn kan náà ni. Etí Yorùbá yóò jiyàn, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá dojú ohùn rẹ̀ dé ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn, ó sì wù mí kí n gbọ́ ọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ju ẹni tó gba ipele kẹjọ lọ.

Ti Ṣówándé tún yàtọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1905, lábẹ́ Phillips ló sì ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ African Suite ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn àti háápù. Akinla tó fi parí rẹ̀, orin háíláìfù ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní Kánádà, Clyde Gilmour fi Akinla yìí ṣe orin ìdánimọ̀ ètò rẹ̀ lórí rédíò CBC, níbi tó ti ń gbé àwo orin tó fẹ́ràn jáde fáwọn olùgbọ́ láti 1956 di 1997. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Kánádà tó fi Akinla mọ̀ pé ètò ti dé pọ̀ ju ọmọ Agége tó gbọ́ ọ rí lọ. Mo máa ń rí i pé bí a bá gbé e sí i láàárín àwọn akọrin, ìyìn fáyólìn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, pé ó mọ́, pé ó dún bíi ti Òyìnbó. Ẹsẹ̀ wọn tó ń jó lábẹ́ àga ti gbọ́ lílé àti ègbè inú rẹ̀ kí ẹnu wọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù ni iṣẹ́ Akin Euba. Ní 1935 ni wọ́n bí i. Ó kú ní 2020. Euba kọ Three Yoruba Songs Without Words fún dùùrù, Rebeca Omordia, obìnrin atẹdùùrù, sì tẹ̀ ẹ́ sínú àwo rẹ̀ African Pianism ní 2022. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ni Euba pè é. Fún olùgbọ́ ní Vienna, bẹ́ẹ̀ ló rí. Fún Yorùbá, kò sí bí ohùn orin ìbílẹ̀ á ṣe jáde lára dùùrù tí ọ̀rọ̀ ò ní máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Olùgbọ́ Agége ní ohun kan nínú àwo yìí tí alárìíwísí Yúróòpù kò lè ní, kò sì mọ̀ pé òun ní in. Dípò kó sọ ọ́, á sọ pé obìnrin náà ní ìka tó dára.

Etí yìí ní ààlà. Gbé Debussy sí i, á sú ẹni tó ń wá gbólóhùn, nítorí àwọ̀ ohùn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá gbogbo orin lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè tí kò rí ìdáhùn ti mọ nǹkan kan nípa Debussy tí ẹni tí kò béèrè rárá kò mọ̀.

Etí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì níbí: Ìkẹjà yìí kan náà ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé ṣe Shrine, ilé ijó rẹ̀. Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Phillips ti lọ ṣáájú rẹ̀, lòun náà lọ. Bàbá bàbá rẹ̀, Josiah Ransome-Kuti, sì ti kọ orin ẹ̀mí Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Kò sẹ́ni tó wọ Shrine tó nílò kí wọ́n là á yé òun pé fèrè ń bi ègbè léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn kan lára èrò Shrine yẹn wà nínú kúáyà lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ń bẹ ẹ̀yin olùdarí akọrin láti Ìkẹjà dé Agége: ẹ gbé orin mẹ́ta Euba yẹn sí i fún kúáyà yín lẹ́yìn ìdánrawò kan, ẹ má sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí oníkálukú kọ ohun tó gbọ́ pé ohùn náà ń wí sílẹ̀, kó tó sọ ohunkóhun nípa ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ka gbogbo rẹ̀ sókè, kí Èkìtì àti Ọ̀yọ́ jọ jà á.