Mílímítà Mẹ́rin

Iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe, ọ̀bẹ Victorinox pupa kan kì í sì í kúrò nínú àpò mi. Ibach ní Switzerland ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí kì í dógùn-ún.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á, mo rò pé bí ẹnu ọ̀bẹ bá ṣe fẹ́lẹ́ tó ni yóò ṣe dára tó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ sórí òkúta, bóyá dígírì 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo pọ́n ọn títí ó fi ń fá irun apá mi. Mo pe ọmọṣẹ́ mi kó wá wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wáyà tí mo fi bó ti ba ẹnu náà jẹ́. Ó ti yí, ó ń dán lábẹ́ iná. Ẹnu tó mú kì í dán. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Irin rẹ̀ kò le jù: 56 ni lórí òṣùwọ̀n Rockwell, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìdáná àwọn ará Japan ń kọjá 60. Irin tó le bẹ́ẹ̀ lè gba ẹnu fẹ́lẹ́. Tèmi ń fẹ́ kí irin nípọn díẹ̀ lẹ́yìn ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ràn rírọ̀ yẹn o, torí kì í tètè ya, ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí òkúta ló sì ń jí i padà.

Àwọn tó ṣe é ní ká pọ́n ọn láàárín dígírì 15 sí 20. Ká ní ọsàn nìkan ni mo fi ń bó ni, 15 ni ǹ bá mú. Nítorí wáyà, 20 ni mo mú.

Láti ẹ̀yìn dé ẹnu, ọ̀bẹ mi fẹ̀ tó mílímítà 12. Bí mo bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní mílímítà 4, ó ku díẹ̀ kó pé dígírì 20. Mo máa ń fi máákà kun ẹnu náà, kí n fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan. Bí tàdáwà bá ṣí lókè nìkan, mo tẹ́ ẹ jù. Bó bá ṣí létí pátápátá nìkan, mo gbé e jù.

Ìyókù dọwọ́ etí. Èjìká ni mo fi ń fà á, ọrùn ọwọ́ kì í mì. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá yẹ̀, ohùn òkúta á yí padà kí ojú tó rí i. Bí mo bá fi àtàńpàkò kan ìhà kejì, tí mo bá irin wínníwínní tó há mi lọ́wọ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, mo yí ọ̀bẹ padà.